Ibi Tí Káńtà Wà

Lọ́dún 1994, tí epo bẹntiróò wọ́n bí ojú, Bàbá Adéróunmú kọ́ ilé ọtí olórùlé koríko sí Bódìjà. Páànù ni gbogbo àdúgbò fi bo ilé tiwọn. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń yọ ṣùtì. Ewúrẹ́ nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀.

"Bó ṣe wà lábúlé tí mo gbé nílùú òyìnbó nìyí," ni bàbá máa ń wí. "Kí a tó gbòmìnira, lálaalẹ́ lèmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń dé ìdí ilé ọtí yẹn. Ọkọ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo wa relé."

Ó mọ ilé náà débi tó fi sú Oyèṣọlá, bíríkìlà rẹ̀. Ògiri funfun, pákó dúdú lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn kúkúrú. Kí koríko nípọn, kó wálẹ̀ bo orí fèrèsé bíi fìlà abetí-ajá. Ó mọ ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí gan-an. Ó mọ bí iná ṣe ń pọ́n lójú fèrèsé.

"Káńtà tí wọ́n á ti máa ta ọtí ńkọ́, bàbá? Apá ibo ni ká mọ ọ́n sí?"

"Ibi tó bá wù ọ́."

"Inú ilé ńkọ́, báwo ló ṣe rí?"

"Ṣé èmi ni bíríkìlà ni?"

Oyèṣọlá sọ ọ́ fún Rasheed, tó ń ta páànù lódìkejì títì. Rasheed rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ta ló ń mutí níbì kan tí kò mọ ibi tí káńtà wà? Ara kàlẹ́ńdà ló ti rí i! Bàbá yìí ò kọjá Mọ́kọ́lá rí."

Láti ọjọ́ náà, Òyìnbó Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń pè é. Bàbá búra pé bí ẹnikẹ́ni bá fi hàn pé òun ò débẹ̀ rí, òun á fọwọ́ ara òun wó ilé náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Rasheed mú Àpínkẹ́ wá, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ṣẹ́ lábúlé tí bàbá ń dárúkọ yẹn gan-an. Òjò ń rọ̀. Èrò kún inú ilé ọtí. Bàbá nìkan ló dúró níta, lódìkejì títì, tó tutù rinrin, tó ń wo fèrèsé.

"Ẹ wọlé, Òyìnbó, ṣebí ilé yín ni!" Rasheed pariwo látẹnu ọ̀nà. "Àbí ẹ̀ ń wo ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí wó o?"

Rasheed yíjú sí Àpínkẹ́.

"Màmá, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ṣé ẹ rí wọn lọ́hùn-ún rí?"

Àpínkẹ́ wo ilé náà. Ó wo bàbá pẹ́.

"Mo rí wọn, bí wọ́n ṣe dúró yẹn náà ni wọ́n máa ń dúró lódìkejì títì nínú òjò, tí wọ́n ń retí àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wọn tó ń mutí nínú ilé, torí onílé ọtí náà ò gbà kí aláwọ̀ dúdú kankan tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀."