Ìlẹ̀kùn Tí Ọmọ Mi Tì

Mo fọwọ́ ti ìlẹ̀kùn yàrá mi, kò ṣí. Ọmọ mi ti tì í látìta.

Ó gbé búrẹ́dì, omi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sórí tábìlì fún mi kó tó jáde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi lónìí." Ẹ wo ọmọ aláàánú.

Iléeṣẹ́ kan fẹ́ hú àwọn igi etí odò wa. Àwa ìyá arúgbó méje la jókòó yí àwọn igi náà ká.

Lánàá, awakọ̀ katakata kan tó fi aṣọ bojú nítorí eruku rí wa, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ní ẹ̀rù wa ló bà á.

Fóònù mi dún. Ìyá aránṣọ ni, ọ̀kan nínú àwa méje.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ wà? Awakọ̀ àná ti padà dé o. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń wá?"

Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Ó ti tì mí mọ́lé."