Oúnjẹ Màlúù

Bí bọ́ọ̀sì bá ti fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, Ningamma ni yóò kọ́kọ́ jáde. Yóò gba àpò ìyẹ̀fun tí ìyá Girija fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, yóò sì gbé e sókè kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

"Oúnjẹ màlúù ti dé o!"

Lẹ́yìn náà, yóò gbé e lọ sí ilé màlúù lẹ́yìnkùlé. Girija, ìyàwó ọmọ rẹ̀, yóò dúró, yóò máa wò ó lọ.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Soma, ọmọ Girija, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Níwájú àlejò, ìyá Girija bu ìyẹ̀fun ragi, ọkà pupa wẹ́wẹ́ kan, tí Ningamma lọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Àna mi, òkúta wà níbí o. Ṣé ọmọ la fẹ́ fún ni, àbí adìẹ?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ningamma gbọ́wọ́ lé fìtílà ilé, ó búra pé ìyẹ̀fun obìnrin yẹn kò ní kan ẹnu ọmọ ọmọ òun láéláé.

Síbẹ̀, ìyá Girija ò yé fi ránṣẹ́. Girija mọ bó ṣe ń ṣe é: yóò rẹ ọkà pupa náà, yóò dì í sínú aṣọ títí yóò fi hù, yóò sá a síbòji, yóò yan án, yóò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ gbígbẹ, kó tó wá fi aṣọ funfun jọ̀ ọ́. Gbogbo wàhálà yìí, inú màlúù ló ń lọ.

Ningamma fúnra rẹ̀ ló ń se ẹ̀kọ ọmọ. Kò jẹ́ kí Girija fọwọ́ kan agolo ìyẹ̀fun, kò sì jẹ́ kó bọ́ ọmọ. Bó bá bọ́ ọ tán, yóò fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ tónítóní, yóò fún un lómi mu, kó tó gbé e fún ìyá rẹ̀. Soma tó máa ń tu ẹ̀kọ dànù tẹ́lẹ̀, tí inú ń run, ti wá ń jẹun dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ.

"Ẹ wò ó," ni Ningamma ń wí fáwọn aládùúgbò. "Ìyẹ̀fun tí wọ́n ní ó lókùúta nìyẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bọ́ Soma lọ́wọ́, Mallesh ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ òkèlè ragi tirẹ̀. Mallesh dáwọ́ dúró, ó tu nǹkan sọ́wọ́.

"Màámi, òkúta tún ni o."

"Eyín rẹ ló ń jẹrà."

"Ẹ jẹ́ kí Girija máa bá yín ṣà á. Ojú yín..."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

Mallesh gbé òkèlè rẹ̀ mì.

Fèrè bọ́ọ̀sì dún. Ningamma gbé ọmọ sórí ẹní, ó sáré jáde.

"Oúnjẹ màlúù ti dé o! Tòní mà tún pọ̀!"

Girija jáde tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Kí ni kí n gbé sílẹ̀?"

"Ìyẹ̀fun ìyá mi. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń jókòó ti ọlọ nítorí ọmọ yìí. Bí ẹ bá fi tòní fún màlúù, èmi àti ọmọ mi ń lọ sílé wa."

"Máa lọ! Ta ló dè ọ́ mọ́lẹ̀?"

Girija wọlé, ó sì gbé Soma sí ìbàdí.

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀!" Ohùn Ningamma yí padà. "Mi ò tíì nu ẹnu rẹ̀!"

"Màá nù ún nílé wa."

"Girija, jọ̀ọ́," ni Mallesh wí.

Girija gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó fẹ́ bu díẹ̀ nínú ohun tí màlúù jẹ kù, kí ìyá rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i.

"Má wọ ibẹ̀!" Ningamma ń sáré bọ̀, àpò náà ṣì wà láyà rẹ̀. "Girija, mo ní má wọ ibẹ̀!"

Girija ṣí garawa oúnjẹ màlúù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́: òkúta wẹ́wẹ́ ń ha á níka, kò sí òórùn atalẹ̀ níbẹ̀ rárá; ẹnu Soma, tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ni atalẹ̀ ti ń ta sánsán.