Ọmọ Tí Ọmọ Ọba Sẹ́

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀ o. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ń bẹ nísàlẹ̀.

1. Ọmọ ọba ni Ọláolú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Bowie, ní Maryland l'Amẹ́ríkà. Kó tó gbé Bridget níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bí Abibat síta. Ìyá ọmọ náà kú. Taofeek, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń wa takisí ní Langley Park, ló tọ́ ọ.

Nígbà tí Abibat pé ọmọ ọdún méje, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bridget béèrè pé, "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ Taofeek onítakisí ni." Ọláolú sì já ọwọ́ ọmọ náà kúrò. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

2. Ní 1996, ọba ìlú wọn nílé wàjà, Ọláolú fẹ́ jọba. Bólúwatifẹ́, ọmọ olórí afọbajẹ ìlú náà, ló sì ń fẹ́ Abibat ní yunifásítì. Kíá ni Ọláolú gbé àpò ìrẹsì dé Langley Park. "Abibat, ọmọ mi àtàtà." Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Abibat ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí àwọn ọba Norway ayé àtijọ́, tí wọ́n ń fi ọmọbìnrin tí wọ́n bí síta fún àwọn ìdílé ọlọ́lá, kí àwọn yẹn lè gbè sẹ́yìn wọn. Ó wo ìrẹsì.

"Sà, àwọn ọba tí mò ń kà yẹn, wọ́n kọ́kọ́ ń pe ọmọ wọn lọ́mọ ná."

"Ṣáà ti pè mí ní bàbá ẹ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

3. Ọjọ́ náà pé, ní gbọ̀ngàn kan ní Landover. Olórí afọbajẹ wọ bàálù wá láti ilé. Ó ní, "Ìyàwó wa, fi bàbá ẹ hàn wá."

Ọláolú tún fìlà rẹ̀ ṣe. Abibat kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Taofeek.

"Bàbá mi nìyí. Prince Ọláolú fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó wọn náà wà níbẹ̀."

Bridget rántí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Olórí afọbajẹ dìde. "Ẹni tó sẹ́ ọmọ yóò sẹ́ ìlú. Ọmọ ọba la sì wá fẹ́, kì í ṣe ọmọ onítakisí." Bólúwatifẹ́ tẹ̀lé bàbá rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹlòmíì ló gorí oyè. Abibat gba A nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún títí ọdún fi parí.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ bímọ síta, ẹ jẹ́wọ́ ọmọ yín nígbà tí kò tíì wúlò fún yín. Ẹ má sẹ́ ẹ nítorí iyì, kẹ́ ẹ wá máa wá a nítorí oyè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.