Omi Kíkan Tokpota

Nígbà tí Ìgè kọ́kọ́ ru eérú lọ sí adágún ẹ̀yìn àdúgbò Tokpota, àwọn èèyàn rò pé orí ẹ̀ ti dàrú. Bátìrì ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Omi kíkan inú bátìrì, ojú àgbàrá ló ń dà á sí, àgbàrá a sì gbé e wọnú adágún. Ẹja ló kọ́kọ́ kú. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, tó ń mọ́ gaara, tó dà bíi díńgí.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Òun fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé fún omi bátìrì, tó wá ń ru eérú.

Ìyá Samiatou, tó ń fọṣọ níbẹ̀, gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Ìgè, omi tó mọ́ báyìí lo fẹ́ da eérú sí? Kí ló ṣe ọ́?”

“Òkú omi ni, ìyá. Kò sẹ́ja níbẹ̀.”

“Ẹja wo? Ìwọ tí ẹja jẹ́ èèwọ̀ nílé yín?”

“Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi náà ni màá tún un ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára. Ó ní eérú nìkan ò lè pa irú kíkan yẹn, kó lọ wá ìkarahun létí ọ̀sà, kó jó o, kó gún un kúnná. Ìgè lọ. Ìgè tó máa ń ná iyọ̀ títí ọlọ́jà á fi bú u, kò ná ìkarahun rárá. Iye tí wọ́n pè ló san.

Láràárọ̀ ló ń dúró létí omi, tó ń fọwọ́ ṣíji bojú.

“Ìyá, ṣé ẹ ṣì ń rí ìsàlẹ̀?”

“Mò ń rí agolo sàdínì táwọn ọmọ jù síbẹ̀.”

“Àárín ńkọ́?”

“Aṣọ ni mo wá fọ̀ o, mi ò wá wòran.”

Ìgè tún lọ wá ìkarahun sí i.

Kò pẹ́ ni Kámáráàdì Hilaire, alága kòmítè àdúgbò, fẹsẹ̀ rìn dé, tó ń nu òógùn. Ó ní ọ̀tá aráàlú lẹni tó bá pa omi aráàlú. Bí adágún náà ò bá jí kí ẹ̀rùn tó dé, kòmítè máa ti ibi iṣẹ́ Ìgè pa. Ibi iṣẹ́ yẹn nìkan sì ni Ìgè ní láyé.

“Ó dáa, kámáráàdì,” ni Ìgè wí. “Ó máa jí.”

Òjò rọ̀. Odò kún wọnú adágún, ẹja bá a wọlé. Ewé tútù yọ lójú omi. Omi ṣú. Agolo sàdínì di àwátì. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ padà, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó ń jà sí ogún.

“O ti bà á jẹ́!” ni Ìyá Samiatou kígbe. “Mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́!”

Ìgè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fún un ní ọṣẹ.

Ẹ̀rùn dé. Hilaire náà dé, tòun tèrò. Ó na ọwọ́ Ìgè sókè.

“Ẹ wo ọmọ ìlú gidi! Ó dá ẹ̀mí padà sínú omi wa!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgè tẹrí ba.

“A kì í gbọ́n adágún tí ò lẹ́ja,” ni Hilaire wí. “Ṣùgbọ́n èyí ti lẹ́ja. Ẹ gbé garawa wá, ká gbọ́n ọn gbẹ, ká kó ẹja!”

“Ẹja náà ṣì kéré,” ni Ìgè wí. “Ẹ jẹ́ ó di àmọ́dún.”

“Ẹni tí kì í jẹ ẹja ló ń wọn ẹja!” ni Ìyá Samiatou wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fún Ìgè ní igbá àkọ́kọ́, wọ́n ní òun lọlá náà tọ́ sí. Ó gbọ́n ọn.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ tí omi sì dé orúnkún, alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì Kámáráàdì Hilaire, tí Ìgè jí lọ́jọ́ tí àwọn ṣójà gbàjọba, tó sì gbé pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí omi ṣì ṣú, na ọwọ́ méjèèjì sókè láti inú ẹrẹ̀.