Katakata Ìyá Àgbà

"Òní ni katakata yìí máa jí!"

Ìyá àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Òun àti ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé, ọ́ìlì dúdú yí wọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

Katakata kékeré náà ni Ìyá àgbà fi ń gé koríko ilé ìwé kó tó fẹ̀yìntì. Ó ti dípẹtà. Ọmọ yìí ló dábàá pé kí àwọn tún un ṣe.

Gbogbo Sátidé ni bàbá rẹ̀, àkọ́bí Ìyá àgbà, ń gbé e wá. Bàbá náà á ní ó ti rẹ òun, á jókòó sínú ilé.

Inú Ìyá àgbà ń dùn. Ta ló tún ráyè arúgbó láyé ìsinsìnyí?

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í yára. Tí wọ́n bá de nọ́ọ̀tì kan tán, á ní kò le tó, á tún un tú.

"Ṣé ìgbín ló bí ọ ni?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó rú èéfín, ó bú ramúramù!

"Gòkè wá! Ká wà á lọ iwájú ilé, kí aládùúgbò rí wa!"

Ọmọ náà di sítíárìn mú.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ."

"Kí ló dé?"

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà.

"Àwọn tó fẹ́ ra ilé yín ṣì wà nínú yàrá yín. Dádì ní kí n máa fi katakata dá yín dúró, tí wọ́n bá ti wá wò ó."

Ìyá àgbà pa ẹ́ńjìnnì.

"Mo ṣebí èmi lo máa ń wá wò."