Àgbọ̀n Tuntun fún Límátù

Jẹjẹrẹ ló jẹ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Límátù, lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí àwọn dókítà gé e kúrò tán, ògì nìkan ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ń lọ sọ́jà Ọ̀rẹ̀, á fi hìjáàbù bo ojú dé imú.

"Wọ́n máa fi irin ṣe òmíràn tó máa bá ojú rẹ mu," ni Rìlwánù, ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, wí. "Fara balẹ̀."

Ara Límátù ò balẹ̀. Àzíìzàt, àbúrò rẹ̀, ló ń ti Odígbó wá dáná fún wọn. Wọ́n jọra gan-an, ṣùgbọ́n láti kékeré, Àzíìzàt ni gbogbo ayé ń yìn. Nísinsìnyí, bí Àzíìzàt bá rẹ́rìn-ín, Rìlwánù á tẹjú mọ́ ọn títí obẹ̀ á fi tutù níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Rìlwánù ní òun ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ tí Beauty, ará ilé kejì, fi yọjú.

"Ìyá Hàbíb, ṣé àbúrò yín náà rìnrìn àjò ni? Mo rí i tó jókòó níwájú bọ́ọ̀sì ọkọ yín."

Nígbà tí Rìlwánù dé, tí Límátù fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá yẹtí méjì nínú àpò. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á fún Àzíìzàt nígbà Iléyá. Owú ló bá sùn mọ́jú.

Bí Àzíìzàt ṣe dé láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ni Límátù ti pàdé rẹ̀.

"Ọkọ mi lo wá gbà." Ọ̀rọ̀ náà ò já gaara, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. "Má tẹ ilé yìí mọ́ láéláé!"

Rìlwánù, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, lanu láti sọ̀rọ̀. Àzíìzàt mi orí sí i, Rìlwánù sì pa ẹnu dé. Mímì orí yẹn dun Límátù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ọlọ́run á wò yín sàn, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àzíìzàt wí. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìsí Àzíìzàt nítòsí, inú Límátù sì dùn sí i. Nígbà tí wíwú ojú rẹ̀ rọlẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì gbé dígí wá. Ó wò ó, ó fọwọ́ pa á, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

"Dókítà, kò ku ẹyọ eegun kan lágbọ̀n ìsàlẹ̀ mi. Báwo lẹ ṣe mọ bó ṣe yẹ kó rí?"

"Ti àbúrò yín la fẹ̀rọ yà ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tó bọ́ yẹtí rẹ̀ fún ọkọ yín mú, tá a sì wò ṣe é," ni dókítà dáhùn, "òun ló bẹ̀ wá pé ká má sọ, nítorí bẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní gbà á."