Níbo Lo Máa Kú Sí?

Ọdún 1997 nìyí, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti wọ̀ wá lára ní Iléṣà.

Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, tó fẹ́ ṣe alága, ń ṣèlérí omi, ó ń ṣèlérí títì ọlọ́dà.

Màmá Phebe, ìyá ọkọ mi, dìde fùú láàárín èrò.

Màmá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní:

"Cornelius, níbo lo máa kú sí?"

Yéè! Mo fa ìró wọn, wọn ò jókòó.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Cornelius ti ń ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè.

Màmá ò tiẹ̀ wò wọ́n. "Alága àná kú sí Ìbàdàn. Èyí tó ṣáájú ẹ̀ kú sí Lọ́ńdọ̀nù. Kánsílọ̀ wa parọ́ ìpàdé fún ìyàwó ẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó ló kú sí! Òkèèrè ni wọ́n ti ń di gbogbo wọn wá fún wa. Kí ni ìlú yìí ṣe?"

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ti Lọ́ńdọ̀nù wálé, Màmá sunkún ju opó lọ.

Cornelius bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, tí mo bá pé ọgọ́fà ọdún, ilé bàbá mi níbí ni màá kú sí!"

Ariwo ta!

Màmá ń jó, èmi náà ń jó. Ẹni tó fẹ́ lù wá lẹ́ẹ̀kan ló tún gbé Màmá sọ́rùn.

A jó dé ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkọ mi ń rẹ́ pákó lọ́wọ́.

"Jùwọ́n, Cornelius la máa dìbò fún," ni Màmá wí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tètè nu eruku ara pósí ńlá yẹn. Mo ti fojú wọn ọkùnrin náà. Á bá a mu wẹ́kú."